Ìyàwó Tó Ń Múra Eré Gígùn

Nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyálọ́mọ kan àti ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, wọ́n ní ò ń sáré yí ilé po láràárọ̀."

"Eré kìlómítà mọ́kànlélógún ni mò ń múra fún, Màámi, àkọ́kọ́ mi. N ò lè fi àwọn ọmọ tó ń sùn sílẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn ará àdúgbò rò pé odi Jẹ́ríkò ni mò ń yí. Wọ́n ń ṣe àmín lójú fèrèsé."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "O kú akitiyan! Ta ni yóò gbé ìkókó lọ́jọ́ eré?"

"Ibẹ̀ ló ti há o. Kì í gbà fún ẹlòmíràn."

"Gbé e wá, kó ti máa mọ ẹ̀yìn mi."

Látìgbà tí Dọ̀kásì aya mi ti kú, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ l'Óǹdó, ìyá pọ̀n ọ́n. Ọmọ ké títí. Ìyá kò tú ọ̀já.