Ìyá Màámá Láàrin Àwọn Ọba Drágónì

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìmùṣin ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu màámá kan tó gbé Bíbélì lé itan àti ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó ń to orúkọ sínú ìwé.

"Ìran ta nìyẹn, ọmọ mi?"

"Àwọn ọba inú ìtàn àròsọ kan ni, mà. Drágónì, ẹranko abìyẹ́ tó ń fò lókè, ni wọ́n ń gùn. Àwa tá a fẹ́ràn ìtàn náà là ń to ìran wọn."

Màámá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ lórí ṣíṣe ìrántí àwọn tó ti lọ la ṣe ní kíláàsì Bíbélì láàárọ̀ yìí. Síbẹ̀, bí mo bá dé ibi 'lágbájá bí lámọrín', ńṣe ni mo máa ń fò ó."

"Háà, mà! Ẹnì kan jókòó kọ wọ́n kí wọ́n má bàa di ìgbàgbé, ẹ wá ń fò wọ́n?"

Màámá na ọwọ́ sí ìwé náà. "Mi ò bímọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ ìyá mi. Ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní drágónì."

"Fún un ní èyí tó máa ń rìn nílẹ̀. Ibi gíga máa ń ba ìyá mi lẹ́rù."