Ọwọ́ Mi Ló Wó Ilé Ọtí Àtijọ́, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Bàbá Síkírù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́ láé, ṣùgbọ́n Bàbá Síkírù wà lórí àìsàn báyìí, wọ́n sì fẹ́ gbé ìtìjú ohun tí wọn ò ṣe lọ sí sàréè.

Bíríkìlà ni mí ní Ìsẹ́yìn. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi títí dé Ṣakí. Wọ́n mọ̀ mí.

Ilé kan wà lọ́nà ọjà wa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n ti ń ta ọtí fún àwọn awakọ̀ àti àwọn ahunṣọ láyé àtijọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó nasẹ̀. Orí àwọn fèrèsé náà rí rìbìtì, òpó méjì ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè dúró níwájú. Bàbá Síkírù ló kọ́ ọ nígbà ọ̀dọ́ wọn. Mi ò lè kọ́ irú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ bẹ́ẹ̀ nìyí.

Àlájà tó jogún ilé náà fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkè, ó ní kí n tún un ṣe. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn obìnrin máa ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo èso igi irúgbá pa ògiri náà kí òjò má baà jẹ ẹ́. Àlájà ní kí n pè wọ́n.

Mo rẹ́rìn-ín. "Àlájà, ìgbẹ́ màlúù, láyé táa wà yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí oníbàárà máa dímú wọlé ni?"

Sìmẹ́ńtì ni mo fi rẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń dán. Mo ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Òjò ọdún kejì, ògiri ẹ̀gbẹ́ kan wó. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ẹni nínú ilé. Mo débẹ̀, mo rí i. Omi ti gba ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì wọlé, kò rọ́nà jáde, amọ̀ inú rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìpìlẹ̀ Bàbá ò yẹ̀ rárá. Mo yára kó gbogbo àwókù ògiri náà dànù kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé ìpìlẹ̀ ni kò dáa, pé ẹni tó kọ́ ọ ò mọṣẹ́.

Bàbá gbọ́. Wọ́n tẹ̀pá wá, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Àlájà, ẹ foríjì mí. Bóyá mo kánjú nígbà náà." Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ọmọ mi, o ṣeun tóo bá mi rí i."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, Bàbá." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò jókòó níta mọ́. Tí ọmọṣẹ́ kan bá to búlọ́ọ̀kù wọ́, àwọn yòókù á pariwo: "Bàbá Síkírù kejì!" Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àlájà ti ní kí n wá wó ìyókù. Mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá lọ bẹ Bàbá ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn, orúkọ wọn ò tíì padà. Tí mo bá sọ ọ́ lójú ọjà, ta ló tún máa gbéṣẹ́ fún mi? Mo mọ èyí tó tọ́, ojú ló ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Bàbá ò lè jẹun mọ́.