Páálí Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ọgbà àdúgbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè mí ní Àǹtí Elẹ́fọ̀ọ́ tẹ́ ẹ sì ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó tún kí mi. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo ti fi ń gbé irọ́ kan kiri nínú mi, mi ò sì lè gbé e mọ́. Láàárọ̀ yìí, kí n tó mú bírò, mo sọ ìwé ẹ̀rí mi kalẹ̀ lára ògiri yàrá ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn ló tọ́ sí.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, ìdánwò, lẹ́yìn náà ogójì wákàtí tá a máa fi kọ́ ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì-méjì ni wọ́n ń pín wa, Màmá Aránṣọ sì ni wọ́n pín mọ́ mi. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, nítorí náà orí ló fi ń pa gbogbo nǹkan mọ́. Bó ṣe ń wọn àyà àti ìbàdí oníbàárà mẹ́fà láì kọ ọ̀kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe há ẹ̀kọ́ wa sórí. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe ìdánwò fún un, kò sì ṣi ẹyọ kan. Tiwa bọ́ sí i gan-an: á pe ọ̀rọ̀, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé wákàtí, àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ojú mi bá ṣe wà nínú ìwé tó yìí, ọkọ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá ní kó yà, pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi.

Kò purọ́. Mi ò parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ìwé ìtàn tí mo ń yá lọ́wọ́ èèyàn ló kọ́ mi níwèé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa oògùn apakòkòrò, ọ̀kan wà lórí itan mi lábẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin kan fẹ́ sá kúrò nílé ọkọ nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó débi tó ń lọ. Mo gbọ́ tí olùkọ́ ní iye ọjọ́ kan wà téèyàn gbọ́dọ̀ dúró kó tó ká ohun tó fín oògùn sí. Iye ọjọ́ náà ni mi ò gbọ́. Nínú ìdánwò mo méfò, mo kùnà ìbéèrè yẹn, àwọn yòókù sì gbé mi yọ. Mi ò padà lọ bèèrè. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìtìjú ni. Ìgbéraga ni.

Ó ku wákàtí méjì kí tiwa pé nígbà tá a fín oògùn sí ebè kábéèjì tí gbogbo àdúgbò jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fín ebè, wọ́n máa ń so páálí kan mọ́ igi lórí rẹ̀, èyí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n fín in àti ọjọ́ tí wọ́n lè ká a. Rọ́bà omi jò nísàlẹ̀ ọgbà, wọ́n sì pe Màmá Aránṣọ. Ó ní, "Dúró dè mí kó o tó kọ páálí o." Mi ò dúró. Ẹni tó ni ìwé ìtàn tó wà nínú àpò mi máa gbà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ku ojú ìwé ọgọ́rin. Mo rò ó pé ọjọ́ mẹ́ta á ti tó. Mo kọ ọ́, mo so ó, mo lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà ka páálí mi, ó ká kábéèjì kan, ó jẹ ẹ́. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú èébì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, ó yè, oyún náà sì dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn náà dé etí mi, kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rò. Ìwé wákàtí ni mo rò, torí mi ò tíì kọ ti ọjọ́ tá a fín oògùn sínú rẹ̀. Mo jókòó ti tábìlì ìyá mi, mo kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé Màmá Aránṣọ ló pe ọjọ́ mẹ́ta, èmi ló kọ páálí. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo kọ, mo ní bá a ṣe máa ń kọ ọ́ náà ni. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọgbà pè wá, Màmá ní mẹ́rìnlá lòun mọ̀. Wọ́n ka ìwé náà sí i létí, wọ́n fi ibi tó fọwọ́ sí nísàlẹ̀ hàn án. Ó ní bí òun bá fọwọ́ sí i, á jẹ́ pé ẹnu òun ló yọ̀. Wọ́n ní kó má ṣe kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi nílé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa.

"Ọmọ mi, mi ò bá tìjà wá. Ṣé lóòótọ́ ni mo pe mẹ́ta? Mo ti ń wá a lórí mi láti àná, mi ò rí i."

Ó ń wò mí bí ẹni tó sọ nǹkan nù tó sì gbà pé èmi ni mo rí i he. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa gbà á sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà. Bóyá ó ti rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà ni."

Ó mi orí. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò fi í pa mọ́ fún òun.

Láti ìgbà yẹn kò gba orí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Á wọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹta, á tún ránṣẹ́ pè é padà. Nígbà tó yá ó dá aṣọ aláṣọ padà láì rán an, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wá mú un lọ sọ́dọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pàdé ọmọ náà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Mo béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó ní, "Ó ń ka ọjọ́ kiri ilé. Á ní mẹ́rìnlá ni, á tún ní rárá, mẹ́ta ni. A ò mọ ohun tó ń kà."

Èmi mọ̀ ọ́n. Lórí ìlà yẹn ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo, kò gbá mi létí. Ó wò mí títí ó fi kàn án níwájú, ó wá ní, "Ìwé lo fi bà á jẹ́. Lọ kọ òmíràn, kó o fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni màá kà á fún un."

Òun rèé. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, èyí sì ni tiyín. Ẹ̀yin ọmọdé àárín yín, "mi ò mọ̀" kì í pa èèyàn. Ohun tí mi ò mọ̀ kéré. Ohun tí mo ṣe kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n ló gba ilé àti iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá Aránṣọ.

Màmá, mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ gba ti orí yín gbọ́ ná. Kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ pe mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí mi lẹ́yìn èyí, ẹ ránṣẹ́, màá wá lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ ò bá sì fẹ́, mi ò ní yọ yín lẹ́nu.