Ògiri Tí Bàbá Mi Fi Ẹ̀yìn Bò

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ní Múṣín níbí, ẹfun la fi ń kun ilé. Ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri, bó bá dìde, ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ á funfun báláú... Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí nìyẹn.

Káfíńtà ni bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ wá tọrọ mi, wọ́n ní àwọn ò ní fi ògiri ẹlẹ́fun gba àna lálejò. Wọ́n lọ ra ọ̀dà. Wọn ò pe pẹ́ńtà o, wọ́n ní kí ló le níbẹ̀? Àwọn fúnra wọn ló kùn ún. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n bu mílíìkì sí. Kíríìmù lẹ̀yin ń pè é. Ẹ gbọ́, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó!

Bàbá ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ forí ti ògiri yìí o." Ta ló wá forí tì í? Àwọn náà ni! Àdí àgbọn ni wọ́n fi ń pa irun. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lọ́sàn-án, wọ́n tòògbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, la bá rí àpá òróró lára ògiri, roboto báyìí. "Ta ló fi orí ra ògiri mi?" Òkè àga wọn gan-an ló wà.

Ìyá mi mú ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn, wọ́n fọ̀ ọ́. Háà! Ọ̀dà bó, ibi tó bó fẹ̀ tó ọpọ́n. Ṣé ẹ rí i, Bàbá ò ha ẹfun àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e. Ọ̀dà ò sì lè di ẹfun mú.

Ni Bàbá bá gbé àga síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fi ẹ̀yìn bò ó. Àlejò dé. Olórí ẹbí ọkọ mi ló ṣíwájú, arúgbó, wọ́n ju bàbá mi lọ dáadáa. Bàbá mi ò dìde! Ọmọ Yorùbá, wọ́n jókòó, wọ́n ń kí àgbà! Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Wọ́n mà ń fojú di wá o. Ẹ jẹ́ ká padà sí Èbúté Mẹ́ta." Mo fẹ́ràn ọkọ mi, n ò ní purọ́ fún yín. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo bú sẹ́kún.

Bàbá gbọ́ ẹkún mi. Wọ́n dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ni gbogbo ojú bá lọ sára ògiri...

Bàbá àgbà yẹn wò ó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí èyí lẹ ṣe jókòó? Àpá orí tèmi náà wà lára ògiri nílé. Ìyàwó la wá fẹ́, a ò wá ra ilé."

Ẹ̀yin náà tún fẹ́ kun pálọ̀ báyìí. Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ ha èyí tó wà níbẹ̀. Bí àlejò bá sì dé, bó ti wù kí ògiri rí, ẹ dìde kí wọn. Ká ní bàbá mi ò dìde lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì dání yìí... níbo lẹ̀ bá ti wá?