Ìwé Tí Ọmọ Mi Fọwọ́ Sí

Má sọ fún mi pé ààbò ni, jókòó, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Wo ọrùn ọwọ́ mi. Wò ó dáadáa. Ọ̀já ni àwọn nọ́ọ̀sì ilé arúgbó yìí fi dè mí mọ́ apá àga lánàá, ọ̀tún àti òsì, látìgbà tá a ti jẹun àárọ̀ tán títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, èmi ìyá ẹ, bí ẹni tó jalè.

Kí ni mo ṣe? Mo ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí, mo tẹ aago, mo tẹ̀ ẹ́ títí, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn, ni mo bá dìde fúnra mi. Àbí kí n tọ̀ sára? Ó dáa, nígbà tí wọ́n dè mí, mo kúkú tọ̀ sára. Ọwọ́ tó po ìyẹ̀fun búrẹ́dì fún ogójì ọdún, tí mo fi rán ẹ níléèwé, kò lè nu ikun imú mi.

Mo kò ó lójú nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn méjì péré ló ń tọ́jú ogún arúgbó, pé bí mo bá tún ṣubú, àwọn ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Mo ní ta ló fún un láṣẹ. Ó bá mú ìwé wá. Orúkọ ẹ ni mo rí nísàlẹ̀. O ò tiẹ̀ bi mí.

Má wolẹ̀. Èmi ni kó o wò.

Ṣé o mọ ẹni tó tú mi? Tíṣà tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife omi dẹ́nu. Eyín ló fi tú kókó náà, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ká a mọ́ ọn, ni wọ́n bá de òun náà. Òun ló wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn, wọ́n ò tíì tú u.

Bí mo bá máa ṣubú, ẹ jẹ́ kí n ṣubú. Àtìgbà tí mo ti ń kọ́ ìrìn ni mo ti ń ṣubú, mo sì ń dìde. Ẹran ni wọ́n ń so mọ́lẹ̀.

Ìwé náà rèé, mi ò dá a padà fún nọ́ọ̀sì. Gba bírò. Fa ìlà kọjá lórí orúkọ ẹ, kó o kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìyá mi ní rárá. Kọ ọ́ kó hàn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan. Mú fóònù ẹ. Ọmọ tíṣà náà fọwọ́ sí irú ìwé yìí, tíṣà fúnra ẹ̀ ló sì ka nọ́ńbà ọmọ náà fún mi kí wọ́n tó dè é. Pè é. Èmi ni mo máa bá a sọ̀rọ̀.