Ògiri Bàbá Tíṣà

[Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Rahmah, production designer fíìmù kan, pè láti Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá Sàlàkọ́, onílé tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù nínú ilé rẹ̀, gbé fóònù ní Ayépé.]

RAHMAH: Ẹ káàsán, Dádì! Ilé ńkọ́? Ara yín ńkọ́?

SÀLÀKỌ́: A dúpẹ́, ọmọ mi. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ pè. Iṣẹ́ ńkọ́?

RAHMAH: Ó ń lọ o. Àwọn àga àtijọ́ yẹn ni mo wá gbà, mo ti ń bọ̀. Director máa wá wo ògiri nírọ̀lẹ́, ká tó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ pálọ̀—

SÀLÀKỌ́: Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Ọ̀dà ò tíì gbẹ.

RAHMAH: Ọ̀dà kẹ̀!

SÀLÀKỌ́: Kí ló dé tó o pariwo bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀? Ẹ ń gbé kámẹ́rà bọ̀, gbogbo ayé máa wò ó, ká wá fi ilé sílẹ̀ báyẹn? Káwọn ará Ìmùṣin fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? A ti kùn ún. Cream colour. Ó ń dán gbinrin!

[Ohùn ń já.]

RAHMAH: Ògiri wo lẹ kùn?

SÀLÀKỌ́: Ṣé o gbọ́ mi? Gbogbo ẹ̀!

RAHMAH: Mo gbé! Dádì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe ògiri yẹn! Èéfín ẹ̀, ìdọ̀tí ẹ̀, àwa la fọwọ́ wa fi sí i. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kí ilé rí bíi ti nineteen-sixty!

SÀLÀKỌ́: Ẹ̀yin lẹ kó ìdọ̀tí sára ògiri bàbá mi?

RAHMAH: Sà, ẹ gbọ́ ná. Torí ìkọ̀wé bàbá yín, Bàbá Tíṣà, tó wà lára ògiri ni director ṣe mú ilé yín. Tí kò bá bá a níbẹ̀, wọ́n á lé mi. Fíìmù àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí máa wà lórúkọ mi nìyí.

SÀLÀKỌ́: Fara balẹ̀. Mo kìlọ̀ fún Abdulbasit tó kùn ún: àwọn ọjọ́ tí bàbá fi èédú kọ, má fọwọ́ kàn án. Mi ò sí nílé, Ìbẹ̀fun ni mo wà, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún un.

RAHMAH: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó. Báyìí!

SÀLÀKỌ́: Ojú mi ò kúkú ríran mọ́... Abdulbasit!

[Ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn dún.]

RAHMAH: Dádì? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÀLÀKỌ́: [ó jìnnà sí fóònù] Ibo ló wà? ... Kí lo wí?

RAHMAH: Dádì!

SÀLÀKỌ́: Ó ní ìkọ̀wé kún ògiri látòkè délẹ̀. Ó ní gbogbo ẹ̀ jọra, òun ò mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá, òun bá kùn ún pọ̀. Rahmah, ọjọ́ méjìlá péré ni bàbá kọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí wa, ọjọ́ tí ìyá mi kú. Ta ló kọ ìyókù?

[Fèrè ọkọ̀ ń dún lọ́dọ̀ Rahmah.]

SÀLÀKỌ́: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ta ló—

RAHMAH: Àwa ni, sà. Ti bàbá kéré jù fún kámẹ́rà. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ bí bàbá ṣe ń kọ̀wé, mo sì fi tiwa kún un.

SÀLÀKỌ́: O ò sọ fún wa.

RAHMAH: Mo rò pé tá a bá ṣe tán, a máa fọ tiwa kúrò. Ẹ má bínú, sà.

SÀLÀKỌ́: Bàbá ò ní fọ́tò. Kò fi lẹ́tà sílẹ̀. Ògiri yẹn nìkan... [Ó ń sunkún.] Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya nǹkan, ẹ ò yà á?

RAHMAH: Èyí tá a kọ́kọ́ yà ṣókùnkùn, kò ṣeé kà. Èyí tó hàn wà lórí fóònù mi.

SÀLÀKỌ́: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Yọ ti bàbá níbẹ̀ fún mi, màá lọ tẹ̀ ẹ́, màá gbé e kọ́.

RAHMAH: Dádì...

SÀLÀKỌ́: Ṣé o gbọ́ mi? Àwọn wo ni bàbá kọ?

RAHMAH: Lẹ́yìn tá a kọ tiwa tán ni mo yà á. Mo ń wò ó báyìí, sà. Èmi náà ò dá a mọ̀ mọ́.

SÀLÀKỌ́: Wò ó dáadáa. Ọwọ́ bàbá mi ni. Kò lè jọ ti—

[Ìpè já.]