Ọ̀nà Tí Mo Fi Han Neža

Jókòó, Neža. Jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹ bisikíìtì wọn nídìí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ gbé e wọ sàréè. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè sọ ọ́ di tuntun. Kì í ṣe ikú ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọbìnrin rẹ fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan, o fà á padà, o ní, "Má béèrè. Èmi náà béèrè ọ̀nà nílùú yìí rí, mo gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún mi, díẹ̀ ló kù kí n pa àbúrò mi." Neža, o ò gbàgbé nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà yẹn. Ẹ ti Slovenia wá, ìwọ àti Vida ìyá rẹ àti Gašper àbúrò rẹ kékeré, ẹ sì ti rìn káàkiri Venice láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro yín. Kùrukùru bo ojú omi, èèyàn kò rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ kò gbọ́ èdè wa rárá. Ìwọ tí wọ́n kọ́ níwọ̀nba nílé ìwé lò ń ṣe ògbufọ̀. O wọ ṣọ́ọ̀bù òwú mi wá, àwọn tó kù dúró ti ẹrù níta. O kí mi dáadáa, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà wo la máa gbà dé ibùdó rélùwéè?"

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin wá sọ fún mi pé òun àti ìyàwó òun ń kó lọ sí òdìkejì omi, nítorí pé onílé wọn fẹ́ máa fi yàrá gba àlejò. Lójú mi, gbogbo àlejò ló lé ọmọ mi lọ. Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀, ìwọ tí òtútù ti sọ imú rẹ di pupa?

O mọ àṣà wa. Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà, "Máa lọ tààrà" la máa ń sọ, nílùú tí kò sí ọ̀nà tó lọ tààrà kankan. Yẹ̀yẹ́ ni. Tí wọ́n bá dé kọ̀rọ̀ kan, wọ́n á tún bi ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tèmi kọjá yẹ̀yẹ́. Òsì ni ibùdó wà, ọ̀tún ni mo nawọ́ sí, sí ọ̀nà tóóró tí inú omi ni ó parí sí, tí wọn ò ṣe irin kankan sí etí rẹ̀. Mo ní, "Tààrà ni, ọmọ dáadáa. Ẹ má yà síbì kankan." Mo fẹ́ kí rélùwéè fi yín sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ jìyà díẹ̀. O dúpẹ́, o rọra ti ilẹ̀kùn kí òtútù má baà wọlé bá mi.

Ọmọ ìlú wa, kó tó mọ̀wé ló ti mọ̀ pé àtẹ̀gùn etí omi tí ọbẹ̀dò, ewéko omi tó máa ń yọ̀, bá bò, wọn kì í tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Gašper? Ó sáré ṣíwájú, ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó já sómi. Igbe ìyá rẹ ni mo gbọ́. Kí n tó débẹ̀, Nane ọkọ mi, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ṣe lọ́wọ́, ti fà á jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà ti há sáàárín ọkọ̀ àti òkúta. Ó ti kán. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ títí dòní nìyẹn.

A gbé e wọlé. Mo bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, mo fi ìbora wé e, mo ń fún un lọ́bẹ̀ ẹ̀wà. Nane fà mí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ondina, ẹnikẹ́ni kì í gba ibí lọ sí ibùdó. Ìwọ lo rán wọn, àbí?" Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Pa ẹnu ẹ mọ́. Bí ọlọ́pàá bá gbọ́, a gbé."

Ibi tó burú jù ló kù yìí. Ìyá rẹ kọjú sí ọ, ó ń jágbe mọ́ ọ, ìwọ ń tọ́ka sí mi. Ó ní kí o bi mí. O yíjú sí mi tẹkúntẹkún, o ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé tààrà lẹ ní." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí ni mo fọwọ́ ara mi mú orí rẹ wọ́. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Òsì ni mo ní kí ẹ yà. Ọmọdé ni ẹ́, o gbàgbé ni." O wò mí títí. Mo rí i pé o gbà mí gbọ́ ju ara rẹ lọ. Ìwọ náà lo sì fi ẹnu ara rẹ tú irọ́ mi fún ìyá rẹ. Ó gbá ọ létí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, tó ń fẹnu ko ọwọ́ mi.

Láti ìgbà náà lẹ ti ń wá lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ̀ ń gbé oyin wá fún mi, tẹ́ ẹ̀ ń pè mí ní ìyá àgbà. Mo ń lá oyin náà, ó sì ń dùn, kí n má tún parọ́. Nane kú láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Vida kú, ó ṣì gbà pé ìwọ lo jẹ̀bi. Tìyẹn ti kọjá àtúnṣe, òun ló sì ń dùn mí jù.

Má ṣe sunkún, tàbí kẹ̀, máa sun ún, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ kúrò nílé mi, mi ò ní bínú. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́ sí. Fóònù nìyí, pe Gašper fún mi. Ó ti gbọ́ èdè wa dáadáa báyìí, fúnra mi ni màá sọ ọ́ fún un. Ìwọ kò ní tú ọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni mọ́.